Lẹ́tà Tí Mo Pè Ní Jìbìtì: Ìrírí Mi Nínú Ẹjọ́ Àjọpè Lórí Ẹ́ńjìnnì Ọkọ̀

Ní oṣù Kẹta ọdún 2018, lẹ́tà kan dé sílé wa ní Houston, mo sì sọ ọ́ sínú agbọ̀n ìdalẹ̀nù kí n tó kà á dé ìlà kẹrin. Ohun tí mo rí kà nínú rẹ̀ kò ju pé ó ṣeé ṣe kí owó kan tọ́ sí mi nítorí ọkọ̀ tí mo ń wà, pé n kò ní san kọ́bọ̀ kí n tó gbà á, àti pé ilé-ẹjọ́ kan ló ní kí wọ́n kọ̀wé sí mi. Ẹni tó bá dàgbà sí Nàìjíríà nígbà tí èmi dàgbà síbẹ̀ mọ irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀. Àwọn kan láàárín wa ló kọ irú rẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn òyìnbó títí 419 fi di orúkọ tí gbogbo ayé mọ̀, n kò sì rí ìdí tí òyìnbó yóò fi wá fi ohun tí wọ́n kọ́ lọ́dọ̀ wa mú èmi. Mo rẹ́rìn-ín, mo padà sídìí ọbẹ̀ mi.

Òótọ́ ni lẹ́tà náà, ṣùgbọ́n n kò mọ̀. Ohun tí mo mọ̀, tí mo sì ti mọ̀ láti bí ọdún kan ṣáájú, ni pé ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ mi ń jẹ ọ́ìlì.

Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mo ń ṣe, irú èyí tó ń lọ bá àwọn arúgbó àti aláìsàn nínú ilé wọn. Láti Missouri City tí à ń gbé, mo lè wà ní Katy láàárọ̀, kí n dé Pasadena lọ́sàn-án, kí n sì tún padà sí ìhà ibòmíràn ní ìrọ̀lẹ́, nítorí náà ọkọ̀ ni ọ́fíìsì mi. Tuntun ni mo ra èyí tí mo ń sọ yìí ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2014. N kò fi ṣeré, mo ń pààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀ déédéé, àfi pé n kì í gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó tà á fún mi, torí owó iṣẹ́ wọn máa ń dà bí ẹni pé wọ́n fẹ́ bá mi san owó ilé wọn. Bọ̀dá Múfú, ọmọ Ìbàdàn tó ní gáréèjì kékeré kan nítòsí òpópónà Bissonnet, ló ń bá mi ṣe é. Òun ló fa gééjì ọ́ìlì yọ lọ́jọ́ kan ní ọdún 2017, ó fi àkísà nù ún, ó tún tì í bọ inú ẹ́ńjìnnì, ó tún fà á yọ, kò sì sí nǹkan kan lórí rẹ̀. Oṣù méjì péré sẹ́yìn ni a pààrọ̀ ọ́ìlì ọ̀hún. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo abẹ́ ọkọ̀, ibẹ̀ gbẹ táútáú. Ó wò mí, ó ní, “Ìyá Tọ́pẹ́, ọkọ̀ yín ń mu ún ni.”

Mo bi í léèrè ìdí tí iná ọ́ìlì kò fi tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù. Ó ṣàlàyé pé iná yẹn kì í ka iye ọ́ìlì tó wà nínú ọkọ̀, agbára tí pọ́ọ̀ǹpù fi ń tì í kiri ló ń ṣọ́, nígbà tí agbára náà bá sì fi lọ sílẹ̀ débi tí iná yóò fi tàn, irin ti lè máa lọ irin nínú ẹ́ńjìnnì. Lẹ́yìn náà ló ya àwòrán písítìn, irin tó ń lọ sókè sódò nínú sìlíńdà ẹ́ńjìnnì, sí ẹ̀yìn páálí ọ́ìlì kan fún mi. Ríǹgì mẹ́ta ló sábà máa ń wà lára písítìn kọ̀ọ̀kan, èyí tó wà nísàlẹ̀ ló ń gbá ọ́ìlì kúrò lára ògiri sìlíńdà, tí ọ́ìlì náà yóò sì gba àwọn ihò wẹ́wẹ́ padà sísàlẹ̀. Àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ òde òní fẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa yí wọ́ọ́rọ́wọ́ kí ó lè dín bẹntiróòlù tó ń jó kù, wọ́n sì dín fífún ríǹgì náà kù nítorí rẹ̀. Bí ó bá wá rọ̀ jù, tàbí tí èédú dí àwọn ihò wọ̀nyẹn, ọ́ìlì yóò kù sára ògiri, yóò sì bá bẹntiróòlù jóná. Kò ní kán sílẹ̀, èéfín rẹ̀ sì lè má pọ̀ tó ohun tí ojú ń rí.

Mo gbé ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ àwọn tó tà á. Ọkùnrin tó wà nídìí tábìlì sọ fún mi pẹ̀lú ẹ̀rín pé bí ẹ́ńjìnnì bá jẹ kúọ́tì kan, tó dín díẹ̀ sí lítà kan, láàárín máìlì 1,200, kò tíì kọjá ohun tí ilé-iṣẹ́ fọwọ́ sí, àti pé bí ó bá tilẹ̀ kọjá bẹ́ẹ̀, àdéhùn àtúnṣe ọ̀fẹ́ orí ẹ́ńjìnnì mi jẹ́ ọdún 5 tàbí máìlì 60,000, èyí tó bá kọ́kọ́ pé. Ọdún mi kò tíì pé, ṣùgbọ́n máìlì mi ti di 63,000. Láti ọjọ́ náà ni gálọ́ọ̀nù ọ́ìlì ti di ẹrù inú búùtù mi, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpò ìfúnpá àti ìbọ̀wọ́ iṣẹ́. Ọjọ́ Sátidé ni mo máa ń rọ ọ́ kún, bí ẹni tó ń bọ òrìṣà ọ̀sẹ̀.

Ìgbà tí lẹ́tà kejì dé, tó wá láti rán mi létí, ọkọ mi ló ṣí i. Ó kà á parí, ó sì bi mí bóyá mo mọ̀ pé nọ́ńbà oníhóró 17 tó wà nínú lẹ́tà náà ni ti ọkọ̀ mi gan-an. Ojú tì mí díẹ̀. Síbẹ̀ n kò pe nọ́ńbà tẹlifóònù tó wà lórí ìwé náà, nítorí oníjìbìtì náà lè tẹ nọ́ńbà tirẹ̀ síbẹ̀. Ilé-ẹjọ́ àpapọ̀ Amẹ́ríkà ní ètò kan tí wọ́n ń pè ní PACER, níbi tí ẹnikẹ́ni ti lè ka ìwé ẹjọ́ ní sẹ́ńtì 10 fún ojú ewé kan. Mo fi nọ́ńbà ẹjọ́ náà wá a níbẹ̀, ó sì jáde pẹ̀lú orúkọ adájọ́, orúkọ àwọn olùpẹjọ́ àti ti ilé-iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ mi. Iye ojú ewé tí mo kà kò tó dọ́là 6. Nínú gbogbo ohun tí mo ṣe lórí ọ̀rọ̀ yìí, òun nìkan ni n kò kábàámọ̀ rárá.

Bí ẹjọ́ àjọpè ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí. Ẹnìkan tàbí ènìyàn mélòó kan tí ohun kan náà ṣe yóò pe ilé-iṣẹ́ lẹ́jọ́ ní orúkọ ara wọn àti ti gbogbo àwọn tí ọ̀rọ̀ wọn jọra, bí wọ́n tilẹ̀ jẹ́ ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún tí kò mọ ara wọn rí. Ìlànà kẹtàlélógún nínú àwọn ìlànà ẹjọ́ ìjà-ẹ̀tọ́ ti ilé-ẹjọ́ àpapọ̀ ló fàyè gbà á, ọdún 1966 ni wọ́n sì ti tún un kọ sí bó ṣe rí di òní. Bí ẹjọ́ bá parí sí àdéhùn, adájọ́ gbọ́dọ̀ yẹ àdéhùn náà wò bóyá ó bójú mu, kí ó sì gbọ́ ẹni tó bá ní àtakò. Ohun tó kọ́kọ́ bí mi nínú ni pé mo ti wà nínú ẹjọ́ náà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bi mí. Bí n kò bá kọ̀wé pé kí wọ́n yọ mí kúrò kí gbèdéke tó pé, ohun tí wọ́n bá fẹnu kò sí yóò de èmi náà, n kò sì ní lè pe ilé-iṣẹ́ náà lẹ́jọ́ mọ́ lórí ọ̀rọ̀ ọ́ìlì títí láé. Lẹ́tà tí mo jù sínú agbọ̀n ti fẹ́ gba ẹ̀tọ́ mi lọ.

Àwọn àgbà wa ní a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Inú ilé tí wọ́n ti gba ọ̀rọ̀ yẹn gbọ́ ni wọ́n ti tọ́ mi, torí náà n kò nífẹ̀ẹ́ ẹjọ́. Ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ọkọ̀ kì í ṣe ọ̀rẹ́ mi tẹ́lẹ̀, nítorí náà òwe náà kò bá mi wí tán. Ohun tí mo ń ṣiyèméjì lé lórí yàtọ̀. Mo ka àdéhùn náà délẹ̀, mo rí i pé àwọn agbẹjọ́rò fẹ́ gba mílíọ̀nù dọ́là mélòó kan, àwọn tó fi orúkọ sílẹ̀ pe ẹjọ́ yóò gba ẹgbẹ̀rún mélòó kan ẹnì kọ̀ọ̀kan, àwa yòókù yóò sì gba owó ọ́ìlì àti ti àtúnṣe padà bí a bá lè fi rìsíìtì hàn, pẹ̀lú àfikún àdéhùn àtúnṣe ọ̀fẹ́ dé ọdún 8 tàbí máìlì 100,000. Mo bi ọkọ mi pé ta ló wá ni ẹ́ńjìnnì tó bàjẹ́ gan-an, àwa ni àbí lọ́yà?

Àìgbàgbọ́ mi kì í ṣe ti aláìmọ̀kan, nítorí mo wádìí. Ní Sacramento, ìpínlẹ̀ California, wọ́n parí ẹjọ́ kan lórí Ford Explorer ní ọdún 2008. Àwọn tó ra ọkọ̀ náà sọ pé ìròyìn pé ó máa ń dojú dé ti bu iye tó lè pa lọ́jà kù. Bíi mílíọ̀nù kan ènìyàn ló kàn, àwọn ará Texas wà lára wọn. Owó kọ́ ni wọ́n fún wọn, kúpọ́ọ̀nù ni: dọ́là 500 tí wọ́n lè fi ra Explorer tuntun, tàbí dọ́là 300 lórí ọkọ̀ Ford mìíràn. Ènìyàn 75 péré ló lo kúpọ́ọ̀nù náà, nígbà tí dọ́là mílíọ̀nù 25 lọ sọ́dọ̀ àwọn agbẹjọ́rò. Ẹ rò ó wò ná: wọ́n ní ọkọ̀ ta yín nípàá, àtúnṣe rẹ̀ ni pé kí ẹ lọ ra òmíràn lọ́wọ́ ẹni tó tà á. Òfin tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2005 gbìyànjú láti dí irú ihò yìí nílé-ẹjọ́ àpapọ̀, nípa pé kí owó agbẹjọ́rò máa tẹ̀lé iye kúpọ́ọ̀nù tí àwọn ènìyàn lò ní tòótọ́. Kúpọ́ọ̀nù dínkù, ṣùgbọ́n fọ́ọ̀mù àti rìsíìtì gba ipò rẹ̀. Ní 2019, àjọ FTC tó ń dáàbò bo àwọn oníbàárà ní Amẹ́ríkà gbé ìwádìí jáde lórí irú àdéhùn wọ̀nyí, wọ́n sì rí i pé nínú èyí tó wà ní àárín gbùngbùn wọn, ìdá 9 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí owó tọ́ sí ló béèrè fún un. Ẹ̀yìn tí ọ̀rọ̀ tèmi parí ni mo ka ìyẹn, ó sì dà bí ìgbà tí dókítà bá fi orúkọ sí àìsàn tó ti ń ṣe ènìyàn tipẹ́.

Mo rò ó pé kí n yọ ara mi kúrò, kí n dá ẹjọ́ tèmi pè. Ní Texas nígbà náà, ilé-ẹjọ́ kékeré tí ènìyàn lè lọ láìgba lọ́yà ń gbọ́ ẹjọ́ tí owó rẹ̀ kò ju dọ́là 10,000 lọ, wọ́n sọ ọ́ di 20,000 ní 2020. Ẹ́ńjìnnì mi kò tó bẹ́ẹ̀. Mo bá ọmọ ìjọ wa kan tó jẹ́ agbẹjọ́rò sọ̀rọ̀, ó sì bi mí ní ìbéèrè kan ṣoṣo: ta ni yóò jẹ́rìí pé láti ilé-iṣẹ́ ni àbùkù náà ti wá, pé kì í ṣe pé mo jẹ́ kí ọ́ìlì gbẹ? Mo ní Bọ̀dá Múfú. Ó rẹ́rìn-ín pẹ̀lẹ́. Ó ní ilé-iṣẹ́ náà yóò mú onímọ̀ ẹ̀rọ tó gboyè gíga wá, onímọ̀ ẹ̀rọ tí èmi náà máa nílò yóò sì gbà ju iye tí mo ń bèèrè lọ. Nínú ẹjọ́ àjọpè, àwọn lọ́yà ti fi owó ara wọn gba irú ẹni bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ti fi agbára ilé-ẹjọ́ gba àwọn ìwé tí ilé-iṣẹ́ náà kọ sí àwọn tó ń tà á, èyí tó fi hàn pé wọ́n ti ń gbọ́ ẹ̀sùn ọ́ìlì náà kí èmi tó ra tèmi. Mo ka díẹ̀ nínú àwọn ìwé náà. Ọkùnrin onírẹ̀ẹ́rìn-ín tó ní kò sí nǹkan tó ṣe ọkọ̀ mi lè ti ní ọ̀kan nínú dúrọ́ọ̀ rẹ̀.

Ẹjọ́ Volkswagen ni kò jẹ́ kí n lè sọ pé gbogbo ẹjọ́ àjọpè ni ẹ̀tàn. Àwọn olùwádìí láti Yunifásítì West Virginia ló ṣàkíyèsí pé èéfín ọkọ̀ dísẹ́ẹ̀lì náà lójú títì yàtọ̀ sí èyí tó ń tú jáde nígbà àyẹ̀wò, nígbà tó sì di oṣù Kẹsàn-án ọdún 2015, àjọ EPA tó ń bójú tó àyíká ní Amẹ́ríkà fi ẹ̀sùn kan ilé-iṣẹ́ náà ní gbangba. Nílé-ẹjọ́ San Francisco, adájọ́ Charles Breyer fọwọ́ sí àdéhùn ní oṣù Kẹwàá ọdún 2016, pé kí ilé-iṣẹ́ náà ra ọkọ̀ padà tàbí kí wọ́n tún un ṣe, kí wọ́n sì tún fi owó kún un, dọ́là 5,100 ó kéré tán fún ọ̀pọ̀ àwọn tó ni ín. Dọ́là mílíọ̀nù 175 tí adájọ́ fọwọ́ sí fún àwọn agbẹjọ́rò, ilé-iṣẹ́ ló san án lọ́tọ̀, wọn kò yọ ọ́ nínú owó àwọn oníbàárà. Nígbà tí FTC ṣe ìṣirò ìkẹyìn ní 2020, ó ju bílíọ̀nù dọ́là 9.5 lọ tó ti padà sọ́wọ́ àwọn tó ra ọkọ̀. Kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n mú rìsíìtì ọ́ìlì wá. Ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ni ẹ̀rí, ìjọba àpapọ̀ àti ìpínlẹ̀ California sì dúró ti àwọn lọ́yà lẹ́yìn. Ọ́ìlì jíjẹ kò ní irú alágbàwí bẹ́ẹ̀, nítorí àjọ NHTSA tó ń mú kí wọ́n pe ọkọ̀ padà ń wo ohun tó lè pa ènìyàn, tèmi sì ń pa àpamọ́wọ́ mi nìkan. Láti ìgbà náà, bí wọ́n bá sọ fún mi pé àdéhùn kan ti jáde, n kì í kọ́kọ́ béèrè iye tí lọ́yà gbà. Mo máa ń béèrè ohun tí wọ́n ní kí oníbàárà mú wá.

Ní tèmi, ohun tí wọ́n ní kí n mú wá ni ohun tí n kò ní. Mo jókòó nídìí tábìlì oúnjẹ ní alẹ́ méjì gbáko, mo ń wá rìsíìtì ọdún kan àtààbọ̀. Ibi tí mo ti ń ra ọ́ìlì náà ni mo ti ń ra ìrẹsì, tòmátò àti ọṣẹ, ìwé báǹkì sì ń kọ àpapọ̀ owó nìkan. Àwọn rìsíìtì tí mo rí, inki wọn ti ń parẹ́ nítorí oòrùn Houston tó ń pa wọ́n nínú ọkọ̀. Bọ̀dá Múfú kọ tirẹ̀ fún mi sórí ìwé aláìlórúkọ, láìsí àdírẹ́sì, láìsí iye máìlì. Dọ́là 640 ni mo kọ sínú fọ́ọ̀mù. Ó lé ní oṣù mẹ́jọ kí sọ̀wédowó tó dé: dọ́là 118 àti sẹ́ńtì 40. Mo gbé e lé orí fíríìjì fún ọ̀sẹ̀ kan kí gbogbo ilé lè rí i pé mo ti sọ bẹ́ẹ̀.

Ká ní ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ parí sí, ẹnu mi ì bá gùn ju bó ṣe yẹ lọ. Ṣùgbọ́n àfikún àdéhùn àtúnṣe wà níbẹ̀, èyí tí mo ti fojú tẹ́ńbẹ́lú nítorí pé kì í ṣe owó. Adájọ́ fọwọ́ sí i ní oṣù Kẹsàn-án, a sì tún ní láti dúró fún ọgbọ̀n ọjọ́ tí òfin fún ẹni tó bá fẹ́ pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Ní gbogbo ìgbà yẹn, máìlì mi ń súnmọ́ 100,000. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í gba ọkọ̀ ọkọ mi ṣiṣẹ́, òun ń wọ bọ́ọ̀sì, kò sì dákẹ́ lórí rẹ̀. Orí 97,900 ni mo gbé e dé ọ̀dọ̀ àwọn tó tà á, ọkùnrin onírẹ̀ẹ́rìn-ín kan náà ló gbà á. Wọ́n rọ ọ́ìlì kún dé ojú àmì, wọ́n fi èdìdì sí ìdérí rẹ̀ kí n má baà fi kún un, wọ́n ní kí n wà á fún máìlì 1,200 kí n padà wá. Nígbà tí mo padà, kúọ́tì kan àtààbọ̀ ti lọ. Wọ́n tú ẹ́ńjìnnì náà, wọ́n pààrọ̀ písítìn àti ríǹgì rẹ̀ pátápátá, n kò sì san kọ́bọ̀. Nígbà tí mo bi Bọ̀dá Múfú iye tí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ì bá ná mi, ó fi ọwọ́ méjèèjì lé orí. Ó ní òun kò lè ṣe é ní ohun tó dín sí dọ́là 3,000, òun sì ni, kì í ṣe wọn.

Àbúrò mi ọkùnrin ní Ìbàdàn ní irú ọkọ̀ kan náà, tòkunbọ̀ tó gba Cotonou wọlé ní 2016, kí ìjọba tó fòfin de gbígba ibodè orí ilẹ̀ kó ọkọ̀ wọlé ní oṣù Kìíní ọdún 2017. Òun náà ń rọ ọ́ìlì kún. Mẹkáníìkì rẹ̀ ti ní kí ó máa lo èyí tó ki, lẹ́yìn náà ó ní kí wọ́n kúkú wá ẹ́ńjìnnì mìíràn ní Ládìípọ̀. Mo ní kí ó ka nọ́ńbà oníhóró 17 ọkọ̀ rẹ̀ fún mi, mo sì fi í wò ó. Ọkọ̀ náà jáde pé ó wà nínú àdéhùn. Ọjọ́ orí rẹ̀ kò tíì pé 8, máìlì rẹ̀ kò tíì pé 100,000, gbogbo ẹni tó tún tèmi ṣe ló lè tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́, níbikíbi ní Amẹ́ríkà. Mo ka ìtumọ̀ ẹni tí àdéhùn náà wà fún lẹ́ẹ̀mejì: ẹni tó ra ọkọ̀ tàbí tó yá a lò ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà.

“Ẹ̀gbọ́n mi,” ló bi mí lórí fóònù, “ṣé ọkọ̀ ló wà nínú ẹjọ́ yẹn ni, àbí ẹni tó ni ín?”

Mo ní ẹni tó ni ín ni, ẹni tó sì ni ín lójú wọn ṣì ni ẹnìkan tó ti tà á tipẹ́ níhìn-ín. Ó dákẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ní kí n bá òun fi ríǹgì ojúlówó tó tó písítìn mẹ́rin sínú dúrọ́ọ̀mù tí mo fẹ́ fi ránṣẹ́ nígbà Kérésìmesì. Mo rà á, mo sì fi í ránṣẹ́. Rìsíìtì rẹ̀ ṣì wà lọ́dọ̀ mi.